Ẹsẹ̀ Ìbídùn àti Òpó Ilé Ládòkun

"Ìyá mi, ta ni mo fi ẹsẹ̀ jọ?"

Ìbéèrè tí ọmọdé kan bèèrè nídìí oúnjẹ nìyẹn, ní ìlú Òkè-Apá, láyé àtijọ́, tí gbogbo ilé kò sì rí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ẹ fara balẹ̀, mi ò gbàgbé pé òwe ni mo ní n ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń wí pé, "Ẹni tó gbẹ́ òpó di ọ̀pá, ìta ni yóò sùn"? Ẹ̀ ń mi orí. Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni, ẹnu ọmọ yẹn ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbídùn ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Kò tíì ju ọmọ tó ń fi akèrègbè kékeré pọnmi lọ. Ojú rẹ̀ mọ́, eyín rẹ̀ funfun, apá rẹ̀ rí bí apá gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n láti ìbàdí lọ sílẹ̀, Ẹlẹ́dàá kò ṣahun rárá. Itan rẹ̀ kún. Orúnkún rẹ̀ sá pamọ́ sínú ẹran. Láti orúnkún yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ tààrà dé ilẹ̀ láìfún níbì kankan, bí ìgbà tí wọ́n gbé odó méjì kalẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń jẹun jù. Kànmí, àbúrò rẹ̀, ló ń gbé iyán mì bí ẹni tó ń sáré kó o pamọ́, ẹsẹ̀ Kànmí sì rí bí ẹsẹ̀ àkùkọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí Ìbídùn, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń dàgbà.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn àgbà ilé ń yin Kànmí pé imú bàbá bàbá rẹ̀ ló gbé wáyé, odindi imú, títí kan ihò méjèèjì. Ìbídùn gbọ́. Ó gbé òkèlè dúró lọ́wọ́, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó nà síwájú, ó wá bèèrè ìbéèrè rẹ̀.

Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀, wo ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ó tín-ín-rín. Ó wo ti Ládòkun, ọkọ rẹ̀. Ìyẹn gùn, ó gbẹ bí igi ìdáná. Ó wo ti Láyíwọlá, àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tí òun ń pè ní Eyínfúnjowó nítorí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Igi ìdáná kan náà ni.

"Láti ilé ìyá rẹ̀ ni," Ládòkun wí.

"Ilé wa kẹ̀?" Àwẹ̀ró dáhùn. "Bàbá Ìbídùn, ẹ ti wá sílé wa, ẹ ti rí gbogbo wa tán. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, a máa ń di ara wa mú ni."

Láyíwọlá lá ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bóyá ó yá a lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́run ni, tó gbàgbé láti dá a padà."

Ṣùgbọ́n ẹni tí ohùn rẹ̀ lọ sókè jù lọ ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ládòkun àti Láyíwọlá. Obìnrin yìí, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ìró rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Bó bá kọjá láàárín agbo ilé, ìró náà ń gbálẹ̀ tẹ̀ lé e, débi pé Láyíwọlá máa ń sọ pé ilé àwọn kò nílò ìgbálẹ̀. Ìyá Àgbà la ọwọ́ mọ́lẹ̀.

"Kò sí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílé yìí! Kò sí i rí! Kí ẹnikẹ́ni má tún bèèrè ẹ̀ mọ́!"

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó mú ẹran tó kù nínú àwo rẹ̀, ó fi í sí Ìbídùn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó kíyè sí ẹran náà. Ẹ̀yin, ẹ bá mi fi í sọ́kàn.

Ìbídùn jẹ ẹran rẹ̀, ó lọ sùn. Àwẹ̀ró ni kò sùn. Ẹ mọ bí ìyá ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ bèèrè nǹkan kékeré, ìyá gbọ́ ẹkún ogún ọdún nínú rẹ̀. Ó ń wo òkùnkùn, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara rẹ̀. Ojú ń tì í. Ọjọ́ wo ni yóò tó gbé orí sókè láàárín ẹgbẹ́?"

Nígbà tó dé odò lọ́jọ́ kejì, ó gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń pariwo pé, "Ìbídùn, òpó ilé Ládòkun! Òpó ilé Ládòkun!"

Òpó mẹ́rin ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, tí gbogbo ìlú mọ̀. Bàbá Ládòkun tó ti di ará ọ̀run ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ wọn láti ara ìrókò. Wọ́n ki pọ́pọ́. Àgbà ọkùnrin fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọ̀kan mọ́ra, ọwọ́ kò pàdé.

Ká ní Àwẹ̀ró dúró wo gbogbo rẹ̀ ni, ì bá rí i pé Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín jù. Ọmọ náà dúró gbọnyin sínú omi, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gbé òrùlé, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń sá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá pé òjò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ìyá gbọ́, kò gbọ́ ẹ̀rín. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ lófìfo, ó kọjú sílé.

Ọ̀nà ló ti pàdé Ìyá Aláró, aládùúgbò wọn tó ń pa aṣọ láró, obìnrin tí ìmọ̀ràn rẹ̀ kì í tán, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó bèèrè.

"Ṣé nítorí ẹsẹ̀ ọmọ lo ṣe fajú ro báyìí?" Ìyá Aláró wí. "O ò rí bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń so okùn mọ́ akèrègbè láàárín nígbà tó ṣì tutù? Ibi tí okùn bá wà kì í dàgbà mọ́. Ọmọ ṣì tutù. Dì í!"

Ó sì fún un ní ọ̀já aṣọ òfì tí aró rẹ̀ kò mú dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró fi òrí pa ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó wé ọ̀já mọ́ ọn láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan, ó fà á le dáadáa. Ìbídùn ń rìn bí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ lọ sọ́jà. Ó sì ṣe wẹ́kú pé ọjọ́ náà ni Baálẹ̀ yà kí Ládòkun. Gbogbo ọmọ ilé jáde wá kí i. Kànmí dọ̀bálẹ̀. Ó kan Ìbídùn láti kúnlẹ̀. Orúnkún tí wọ́n ti dì kò tẹ̀ síwájú, kò tẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ náà gbìyànjú, ó tún gbìyànjú, ó wá ṣubú gbalaja síwájú Baálẹ̀, àyà lé ilẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Baálẹ̀ wò ó títí. "Ládòkun," ó wí, "èyí tó dọ̀bálẹ̀ yìí, ṣebí obìnrin lẹ sọ pé ẹ bí nígbà yẹn?"

Àwẹ̀ró kò jáwọ́. Ó dín oúnjẹ alẹ́ ọmọ kù, ó ní ẹ̀kọ tútù nìkan ni kó máa mu. Ṣùgbọ́n ní gbogbo alẹ́, bí ọwọ́ bá ti dilẹ̀, Ìyá Àgbà á pe ọmọ sí kọ̀rọ̀, iyán gbígbóná pẹ̀lú ẹja á sì jáde láti abẹ́ ìró gígùn yẹn. Títí di òní, kò sí ẹni tó mọ bí ọbẹ̀ kò ṣe dà sí i lára.

Oṣù yọ, oṣù wọ̀. Akèrègbè gbà, ẹsẹ̀ kò gbà. Ibi tí ọ̀já wà kò tín, ibi tí ọ̀já kò sí ló wú. Ohun kan péré ló yí padà, òun ló sì ba Àwẹ̀ró lẹ́rù. Ìbídùn kò lọ sódò mọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pè é. Lọ́jọ́ kan, ó mú ìró ìyá rẹ̀, ó ró o láti àyà dé ilẹ̀ bíi ti Ìyá Àgbà, ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Kí lo ró aṣọ bẹ́ẹ̀ fún?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Kí wọ́n má bàa rí ẹsẹ̀ mi."

"Ta ló ní kí wọ́n má rí i?"

Ọmọ náà gbójú sókè wò ó. Kò bínú. "Ẹ̀yin ni, Ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ̀ ń dì í."

Ọ̀rọ̀ náà gún Àwẹ̀ró bí ìgbà tí ẹ̀gún wọ èèkánná. Ó tú ọ̀já náà lójú ẹsẹ̀, ó sọ ọ́ sínú iná. Ṣùgbọ́n ọ̀já jóná, Ìbídùn kò bọ́ ìró. Ó wọ̀ ọ́ lọ́la, ó wọ̀ ọ́ lọ́túnla. Bó bá dìde, ó ń tẹ etí aṣọ mọ́lẹ̀, ó ń ṣubú. Ó ń dìde, ó ń ró o padà.

Ìyá tó bá mọ̀ pé òun lòun da omi sílẹ̀ kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Yóò wá nǹkan tí yóò fi nù ún, kódà bó jẹ́ epo ló bá lọ́wọ́. Àwẹ̀ró rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn, ó tọ ọkọ rẹ̀ lọ.

"Bàbá Ìbídùn, òpó ilé wa ti tóbi jù."

"Ó tóbi jù fún kí ni?"

"Wọ́n ń fi bú ọmọ wa. Òpó ilé Ládòkun ni wọ́n ń pè é lódò."

"Ṣé kí n wá lọ bá àwọn ọmọdé jà ni?"

"Rárá o. Ẹ bá mi gbẹ́ òpó náà kó tín-ín-rín. Bó bá ti tín-ín-rín, tí wọ́n bá pè é ní òpó ilé Ládòkun, ṣé wọ́n bú u nìyẹn? Wọ́n yìn ín ni!"

Ládòkun họ orí. Ó wá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́, kò rí i. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, ó sì ní orí; àárín rẹ̀ nìkan ni kò sí. Yàtọ̀ sí èyí, àárẹ̀ ti mú un láti máa rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà ti lọ kí àbúrò rẹ̀ lóko, kò sí àgbà tí yóò dí wọn lọ́wọ́. Ó mú àáké kékeré.

Díẹ̀ ló fẹ́ bù lára òpó àkọ́kọ́. Ó bù ú tán, ó fà sẹ́yìn, ó wò ó. Òpó kan tín, mẹ́ta ki. Kò dára lójú. Ó bọ́ sórí ìkejì. Ìyẹn wá tín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó padà sórí ti àkọ́kọ́.

Láyíwọlá fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pèpéle, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ti ọ̀tún yẹn ṣì sanra díẹ̀."

Ládòkun bù lára ti ọ̀tún.

"Àh. Ti òsì ló wá sanra báyìí."

Ládòkun bù lára ti òsì. Báyìí ni wọ́n ṣe é títí tí oòrùn fi wọ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tó là. Nígbà tí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi máa dọ́gba, ọmọ odó ni wọ́n jọ. Èérún igi tó wà nílẹ̀ tó láti dáná fún odindi ìlú.

Àwẹ̀ró pe Ìyá Aláró wá wò ó. "Ẹ bá mi wo òpó wa o, Ìyá Aláró. Bó bá tún wu àwọn ọmọ yín láti pe ọmọ mi ní òpó ilé Ládòkun, àyè wà."

Ìyá Aláró yí òpó kan po. Ó fi ìka méjì wọ̀n ọ́n. "Òpó dà? Ọ̀pá ni mo rí níbí yìí, Ìyá Ìbídùn. Ọ̀pá mẹ́rin tí òrùlé ń fi tilẹ̀ lọ sọ́jà."

Ìgbà tí Ìyá Àgbà dé láti oko, ẹrù bọ́ lórí rẹ̀. "Ta ló pa òpó ọkọ mi?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú. Nítorí Ìbídùn ni."

Ìyá Àgbà wo òpó. Ó wo Ìbídùn tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn nínú ìró tó kanlẹ̀. Ó fa ìró tirẹ̀ gbálẹ̀ wọlé.

Ibi tí wàhálà ti wọlé gan-an nìyí. Àgbàdo tuntun ti dé láti oko, Ládòkun sì kó o sórí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Abẹ́ àjà yìí náà ni gbogbo wọn ń tẹ́ ẹní sí. Bí wọ́n ṣe fi orí lélẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, òpó kan ní, "Kẹ́ẹ́."

Gbogbo wọn gbé orí sókè.

Ìkejì dá a lóhùn: "Kẹ́ẹ́ẹ́."

"Eku ni," Ládòkun wí sínú òkùnkùn.

"Eku ńlá ni," Láyíwọlá wí.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti fi ilé yẹn sílẹ̀. Ládòkun kò lè gbà pé òpó ló ń ké, nítorí òun ló gbẹ́ ẹ. Àwẹ̀ró kò lè sọ ọ́, nítorí òun ló ní kó gbẹ́ ẹ. Ìyá Àgbà kò lè sọ ọ́ nítorí ohun tí ẹ máa tó gbọ́. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n la ojú sílẹ̀ rekete, oníkálukú ń hanrun èké kí àwọn tó kù lè rò pé ọkàn òun balẹ̀. Ewúrẹ́ tó máa ń sùn sídìí òpó kó lọ sílé Ìyá Aláró. Láyíwọlá ń sùn lóko lọ́sàn-án, lórí ebè, tí ẹyẹ sì ń bà lé e. Ojú gbogbo wọn pọ́n bí ẹyìn.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, òjò dé. Ojú ọ̀run ya, omi ń tú jáde. Koríko orí ilé mu omi yó, ó wúwo, àgbàdo wúwo lábẹ́ rẹ̀. Òpó kò sọ pé kẹ́ẹ́ mọ́. Ó ní, "Kẹrẹkẹ̀rẹ̀ kẹrẹkẹ̀rẹ̀," ó tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí bàbá ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ jáde o!" Ládòkun kígbe.

Láyíwọlá ti wà níta kó tó sọ ọ́ tán. Àwẹ̀ró gbá Kànmí mọ́ àyà, ó sáré bọ́ sínú òjò, ó yíjú padà. Ìbídùn kò tẹ̀ lé e. Ìró tó ró dé ilẹ̀ ti wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ti ṣubú sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún tẹ aṣọ, ó tún lulẹ̀. Lókè orí rẹ̀, èèpo àgbàdo ti ń bọ́ sílẹ̀.

"Ìbídùn!" Àwẹ̀ró ké tí ohùn rẹ̀ fi ya. "Gbé aṣọ sókè! Gbé aṣọ sókè kí o sáré!"

Ọmọ náà wo Láyíwọlá, ó wo àwọn aládùúgbò tí ariwo ti kó síta. Ó di aṣọ náà mú ṣinṣin. "Wọ́n á rí ẹsẹ̀ mi!"

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí ìyá. Àwẹ̀ró gbé Kànmí kalẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fẹ́ sáré padà wọlé, Ládòkun dì í mú.

Ẹni tó kù nínú ilé ni Ìyá Àgbà. Òun náà wà nínú ìró tirẹ̀, kò yá ju ọmọ náà lọ. Ó dúró, ó wo àjà, ó wo ọmọ. Ó tẹ̀ ba, ó mú etí ìró, ó ká a sókè, ó kọjá ojúgun, ó kọjá orúnkún, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó so ó mọ́ ìbàdí.

"Tèmi ni kí wọ́n máa wò!" ó wí.

Ó ja aṣọ kúrò lára Ìbídùn, ó gbé e há abíyá bí ẹni tó gbé ẹrù isu, ó sì jáde. Kò sáré. Ó ń gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ gìrìgìrì, pọ̀m, pọ̀m, omi ń ta sí ọ̀tún àti òsì. Bí gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣe kúrò lórí pèpéle, òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá lẹ́ẹ̀kan náà, òrùlé sì jókòó sílẹ̀ wùùù, bí àgbà tó ti ń wá ibi jókòó tipẹ́.

Òjò rọ díẹ̀ sí i, ó dá. Àgbàdo ń yí gbirigbiri lọ sójú títì. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, kò sí ẹni tó ń wo ilé tó wó. Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ni gbogbo wọn ń wò. Itan tó kún. Orúnkún tó sá pamọ́. Láti orúnkún dé ilẹ̀, tààrà, kò fún níbì kankan. Odó méjì.

"Ìyá," Ládòkun wí. "Láti... láti ọjọ́ wo?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, Ládòkun. Ṣé o rò pé ọjà ni mo ti rà á?"

Ìbídùn jáde lábẹ́ abíyá ìyá bàbá rẹ̀. Ó fi ìka kan tẹ iṣan ẹsẹ̀ náà. Ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ojú rẹ̀ là bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé.

"Ìyá Àgbà! Ẹsẹ̀ mi rè é!"

"Ẹsẹ̀ tèmi ni," Ìyá Àgbà wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ ní i."

"Ẹ gbọ́ ná," Láyíwọlá wí, "nígbà tí mò ń bèèrè ẹni tó yá a lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́run, ẹ̀yin olówó ẹsẹ̀ jókòó níbẹ̀, ẹ ń la ọwọ́ mọ́lẹ̀!"

Ìyá Àgbà jókòó sórí òkìtì àgbàdo. Kò sọ ìró kalẹ̀. "Ọjọ́ tí mo wọ ilé yìí ní ìyàwó," ó wí, "wọ́n gbé omi wá sẹ́nu ọ̀nà láti fọ ẹsẹ̀ mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyàwó gbogbo. Àwọn ọmọ ilé wo ẹsẹ̀, wọ́n wo igbá omi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí wọ́n tún lọ pọn omi sí i, pé èyí kò ní tó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ìró kalẹ̀. Bàbá yín nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́, ó lọ sóko, ó gé ìrókò, ó gbẹ́ òpó mẹ́rin. Ó wá bi mí bóyá mo mọ ohun tí òun wò gbẹ́ wọn."

Ládòkun wo àáké rẹ̀ tó fara hàn lábẹ́ koríko. Àwẹ̀ró ká ọwọ́ lérí.

"Ó ní ilé tó bá dúró lórí irú ẹsẹ̀ yìí kò ní wó lójú òun," Ìyá Àgbà wí. "Kò sì wó lójú rẹ̀."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ síwájú Ìbídùn, ó di ẹsẹ̀ méjèèjì mú. "Dákun, ọmọ mi. Mo rò pé ó ń dùn ọ́ ni. Lálẹ́ tí o bèèrè yẹn, mo rò pé ojú ń tì ọ́."

"Ojú ò tì mí nígbà yẹn," Ìbídùn wí. "Ẹ sọ pé Kànmí gbé imú wá. Èmi náà fẹ́ mọ ẹni tí mo fi jọ ni."

Oòrùn yọ. Ẹrù kò ṣe é kó, ilé kò ṣe é wọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń ké kẹ́ẹ́ lórí wọn ti wó tán, kò sì sí ohun tó tún lè wó. Oorun ọjọ́ gbogbo bá kóra jọ, ó dé sójú wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n fa ẹní jáde láti etí òrùlé tó wó, wọ́n tẹ́ wọn sábẹ́ igi ọdán níwájú ilé, níbi tí gbogbo ìlú ń gbà kọjá.

Ìyá Àgbà to àgbàdo jọ bí ìrọ̀rí, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé e, ó ní kí Ìbídùn gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Yóò máa wúwo nírọ̀lẹ́," ó wí. "Bó bá ti wúwo, gbé e lé nǹkan báyìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fi òrí sáàárín itan kó má bàa bó ọ lára. Bó bá rẹ̀ ọ́ lójú ọ̀nà, jókòó, kí àwọn tó ń kánjú máa lọ."

"Ṣé yóò tín lọ́jọ́ kan?"

"Kò ní tín. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Nígbà kan, mo jẹ ewúro bí ewúrẹ́."

"Ó dáa," Ìbídùn wí, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọ̀la kọ́ lọjọ́ ọjà. Kò pẹ́, ó sùn. Ìyá Àgbà sùn tẹ̀ lé e. Kànmí sùn, imú bàbá bàbá rẹ̀ ń fọn fèrè. Ládòkun ń sọ pé ọ̀la ni òun yóò lọ gé ìrókò, ìrókò tó ki, oorun sì gbé e lọ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Àwẹ̀ró ni kò tíì sùn. Ó rí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ níta gbangba, lójú ọ̀nà, nínú oòrùn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ó mú etí aṣọ láti fi bò ó. Ọwọ́ náà dúró lágbedeméjì. Ó fi aṣọ náà bo ojú ara rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó fi orí ti gìgísẹ̀ ọmọ. Kó tó ka èémí rẹ̀, oorun ti gbé e.

Ìgbà náà ni Ìyá Aláró ń kọjá lọ sídìí aró. Ó bá gbogbo ará ilé Ládòkun nílẹ̀ gbalaja lójúmọmọ, ẹsẹ̀ ńlá mẹ́rin lórí òkìtì àgbàdo, ewúrẹ́ ń jẹ èyí tó kù.

"Yéè! Ẹ̀yin ará ilé yìí! Kí ló gbé yín sùn síta?"

Láyíwọlá nìkan ni oorun kò tíì gbé tán. Kò la ojú.

"Ẹni tó gbẹ́ òpó di ọ̀pá, Ìyá Aláró," ó wí, "ìta ni yóò sùn."

Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà. Kò sì sí ojú kan tó ṣì là mọ́ nínú ilé náà, bí a bá ṣì lè pè é ní ilé.